Oògùn Aláwọ̀ Ìyeyè àti Ìyá Búrẹ́dì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo ti yunifásítì dé láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá ní Atakpamé, nílẹ̀ Tógò, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Búrẹ́dì ló ń yan nínú ààrò amọ̀ lẹ́yìn ilé, àwọn awakọ̀ sì ń gbé e lọ sọ́jà Anié. Kì í ra ìwúkàrà inú páálí. Ìkòkò kan wà tó ń tọ́jú ìyẹ̀fun pípò àná sí, èyí tí yóò mú tòní wú. “Ìyá” ló ń pè é. Ìyá tó bí wa ló fi sílẹ̀ fún un kó tó kú.

Lọ́jọ́ kan, ìyá náà kọ̀, kò wú mọ́. Búrẹ́dì ń jáde bí òkúta.

“Dáávì,” ni awakọ̀ kan pè é, bí àwọn Ewé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin, “ṣé kí n fi eléyìí há táyà ni?”

“Ọkọ̀ tó bá ní búréèkì kì í wá nǹkan tí wọ́n ń fi há táyà,” ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ní bí ìyá ò bá wú kí ọjọ́ ọjà Anié tó ń bọ̀ tó pé, òun yóò dà á sígbó, òun yóò ra ti inú páálí. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú ìkòkò náà.

Àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n mi ti ṣẹ òkú. Òmíràn ní ó ti ń ṣahun, pé ìyẹ̀fun tó ń fún un kò tó. Ọkọ rẹ̀, tó ń gba owó oṣù ní ọ́fíìsì, ní kí ó ra ti páálí kí gbogbo ilé lè sinmi. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe ìyá gan-an.

Mo bu díẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo se omi ṣúgà tó ń dì bí ẹ̀kọ, mo dà á sínú àwo tó mọ́, mo sì fi ìyá ra á lójú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àmì funfun hù síbẹ̀: ńláńlá díẹ̀, wínníwínní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Mo mọ àwọn wínníwínní náà. “Pètí”, ìyẹn “kékeré” lédè Faransé, ni wọ́n ń pè wọ́n ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ìwúkàrà. Ẹ̀dá tí ojú lásán kò rí ni. Kí ó tó bímọ, ó gbọ́dọ̀ da okùn tí gbogbo ìwà rẹ̀ wà lára rẹ̀ kọ fún ọmọ. Ìyà tó ń jẹ okùn yẹn kò kéré. Oòrùn ń já a. Ebi ń bà á jẹ́. Afẹ́fẹ́ tó fi ń mí gan-an ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń kánjú dà á kọ, yóò ṣì í kọ. Síbẹ̀, bó ṣe ń já ló ń so ó. Mi ò mọ ọ́fíìsì kan ní gbogbo ilẹ̀ yìí tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n okùn kékeré kan tún wà, èyí tó ń jẹ́ kí ó lè lo afẹ́fẹ́. Aró aláwọ̀ ìyeyè kan wà tó máa ń wọ inú rẹ̀, tí yóò bà á jẹ́ pátápátá. Ọmọ tí kò bá ní in yóò yè, ṣùgbọ́n yóò kéré, agbára rẹ̀ kò sì ní tó láti mú ìyẹ̀fun wú; bẹ́ẹ̀ náà ni àtọmọdọ́mọ rẹ̀ yóò rí.

Níbo ni aró ti dé inú ìkòkò? Mo délé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń po ìyẹ̀fun. Aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Ẹnu ààrò ló jó o, oògùn egbò aláwọ̀ ìyeyè sì ni ilé ìwòsàn fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ wo lẹ fi ń po ìyá?”

“Ọwọ́ wo tún ni? Ṣé wọ́n ń fi síbí kan ìyá ni? Ọwọ́ ẹni tó jogún rẹ̀ ni!”

Mo ṣàlàyé fún un. Nígbà tí mo dé ibi “pètí”, ó ké: “Ta ni wọ́n ń pè ní pètí? Ìyá tèmi?” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó di egbò náà kò béèrè iṣẹ́ tí ọwọ́ yẹn ń ṣe. Ìwé tí mo kà mẹ́nu kan aró náà, kò sọ pé oògùn egbò ni nílé gbogbo èèyàn. Mi ò tíì dárí ji àwọn méjèèjì.

Mo ní àwọn ńlá tí aró kò bà jẹ́ ṣì wà nínú àwo mi, a lè tọ́ wọn nínú ìkòkò tuntun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni yóò pò ó? Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo tèmi.

“Wẹ ọwọ́ ẹ, Madàámú.”

Ó jókòó tì mí. “Rọra! Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì nìyẹn!” Òun fúnra rẹ̀ ló da ti àtijọ́ nù sẹ́yìn ilé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Anié, ìyẹ̀fun ti gbé ọmọrí ìkòkò sókè. Ó ya búrẹ́dì àkọ́kọ́ sí méjì, ó gbé ìdajì gbígbóná fún mi. Kò dúpẹ́.

“Tètè ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́la,” ló wí. “Ọwọ́ mi ò tíì san.”