Ṣé Ó Ti Tọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n la àyà ọkọ mi ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, kò sẹ́ni tó kí mi "ẹ káàárọ̀" mọ́ nílé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Màámi, ṣé ó ti tọ̀?" Ayálégbé òkè, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ìyá oníbúrẹ́dì. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, títí dórí ẹni tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n n kò ní kọ wọ́n síbí. Ọkọ mi tó máa ń tijú kó tó bèèrè ilé ìtọ̀ nílé onílé, òun ni gbogbo àdúgbò wá ń dúró de ìtọ̀ rẹ̀.

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn rẹ̀ ló dí. Wọ́n yọ iṣan ní ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi la ọ̀nà mìíràn. Ọkàn gbà á. Kíndìnrín ni kò fẹ́ gbà. Dókítà obìnrin kan, tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ, jókòó tì wá. Ó ní nígbà tí wọ́n dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá padà síbi tí kò ti dé dáadáa, atẹ́gùn tó gbé dání a máa ba ara jẹ́, bó ṣe ń mú irin dógùn-ún. Kíndìnrín ló tètè máa ń fara gbá a.

Ọkọ mi, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ lu bọ́dì ọkọ̀ ní Muṣin, ń gbọ́ wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Dókítà, ẹ kúkú sọ pé mo ti di tòkunbọ̀."

"Ẹ́ńjìnnì yín dáa, bàbá. Ẹ ṣáà tọ̀."

Ṣùgbọ́n àpò ìtọ̀ tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbẹ. Ìgbà yẹn ni àbúrò ọkọ mi gbé ike àgbo dé lábẹ́ agbádá.

"Ìyàwó, fún un mu. Á fọ kíndìnrín rẹ̀."

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Dókítà ní kò gbọdọ̀ mu nǹkan kan lẹ́yìn tiwọn."

"Ta ni ọmọ ìyá rẹ̀, èmi àbí dókítà?"

"Ẹ̀yin ni."

Mo kúnlẹ̀ fún un níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ike náà. Ó rò pé mo ti gbà. Mo gbé e jáde, mo da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù níṣojú rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀, mo dá ike rẹ̀ padà fún un.

"Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kú, ọwọ́ rẹ ló wà."

"Mo gbọ́, ọkọ mi."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Mo jókòó ti àpò yẹn, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Nígbà tó yá, ìtọ̀ kán sínú rẹ̀. Díẹ̀ ni, ó pọ́n bíi tíì. Lẹ́yìn náà ó ń pọ̀ sí i. Mo pe ayálégbé òkè lórí fóònù, mo sì gbọ́ bó ṣe ń ké e sísàlẹ̀: "Ó ti tọ̀!"

Ọkọ mi padà sílé. Òjò ọdún méjì rọ̀, ó ń jókòó sórí àga níwájú ilé, ó ń pe ọkọ̀ oníkálukú ní agolo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ó sùn sórí àga yẹn, kò jí.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ sétí gbogbo ènìyàn pé ọjọ́ tí mo da àgbo nù ni mo ti pa á. Mo kúnlẹ̀, torí ọkọ mi náà ni. Orúnkún mi nìkan ló kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín tọ̀. Ó ń tọ̀ títí ó fi kú."

"Ó tọ̀," ayálégbé òkè dáhùn láti ẹ̀yìn. "Èmi ni mo gba fóònù."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn gbà á. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi.

Àbúrò ọkọ mi ṣì ń bínú sí mi. Kó máa bínú. Àga ṣófo níwájú ilé, kò sẹ́ni tó ń pe ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ní agolo mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé ike yẹn dé lónìí, màá kúnlẹ̀ gbà á. Gọ́tà náà ṣì wà níbẹ̀.