Fésì Mẹ́ta Mummy Dàmọ́lá

Mummy Dàmọ́lá ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ti ra ẹ̀rọ gàgàrà tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ó ti gbé e sí gáréèjì ilé rẹ̀ ní Garland, l'Amẹ́ríkà níbí, kó tó rántí pé oníṣẹ́ iná bíi tèmi wà láyé. Báyìí làwa ọmọ Nàìjíríà ṣe ń pe oníṣẹ́ iná: lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oyè.

"Ẹnjiníà, kò yí. Ẹ ṣáà bá mi pààrọ̀ fésì."

Mo yẹ ẹ̀rọ náà wò. Fésì mẹ́ta ló ń lò, bẹ́ẹ̀ fésì kan ṣoṣo ló wọ gbogbo ilé àdúgbò yẹn. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ó ní nílé bàbá òun n'Íbàdàn, mẹ́ta ni. Bí ọ̀kan bá lọ, wọn á yọ fíùsì sí òmíràn. Ṣé Amẹ́ríkà ni kò wá ní ní mẹ́ta? Ó fà mí jáde, ó ka wáyà tó wá láti orí òpó: mẹ́ta. Mo ní méjì ló gbé iná, fésì kan náà ni wọ́n pín sí méjì. Ọ̀nà tí iná ń gbà padà ni ìkẹta.

Mo wá fi odó ṣàlàyé. Fésì kan dà bí ẹnì kan tó ń gúnyán: bí ọmọ odó bá lọ sókè, iṣẹ́ dúró díẹ̀. Fésì mẹ́ta dà bí èèyàn mẹ́ta nídìí odó kan: ti ẹnì kan ò tíì gbéra tán tí ti ìkejì fi ń balẹ̀. Ẹnì kan tó fún fíríìjì. Ẹ̀rọ ńlá ń fẹ́ mẹ́ta. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà pààrọ̀ ọ̀kan wò. Mo rò ó lọ́kàn mi: nílé, fésì mẹ́ta, kò síná. Níbí, iná ò kí í lọ, fésì kan.

Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. "Mo ti resign o. Bí ẹ̀rọ yìí ò bá ṣiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn mi?" Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ fésì kan di mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìjọba ìlú ò ní gbà kó ṣí ilé búrẹ́dì sí gáréèjì. A bá a wá àyè nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Farmers Branch, ìlú tí kò jìnnà, níbi tí fésì mẹ́ta wà. Mo so wáyà, mo tan iná. Ẹ̀rọ yí, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń yí sí. Fésì mẹ́ta ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Bí ìyẹn bá dàrú, ẹ̀rọ á gba òdìkejì lọ. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kéèyàn pààrọ̀ ipò fésì méjì nínú mẹ́ta náà. Mo pa iná, mo pààrọ̀ wọn lójú rẹ̀. Ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í pò.

Mummy Dàmọ́lá nu omijé nù.

"Ẹnjiníà, láti Garland ni mo ti ń sọ ọ́ fún yín."