Agboòrùn Ìlà Iwájú

Bí oṣù kìn-ín-ní bá ti dé, tí yìnyín bo gbogbo òrùlé ìlú Torino ní Ítálì, tí olórí pípé ń wá ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn wọ̀, ìgbà náà ni Fiorenzo Gallesio máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ kan tó fẹ́ fi sinmi létí òkun nínú oṣù kẹjọ. A ò lè tìtorí ìyẹn bú u. Gbogbo wa la ń ṣe é. Ẹni tí kò bá tètè pe àwọn elétíkun agbègbè Liguria, tí wọ́n ń fi àga àti agboòrùn háyà, lórí fóònù, ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀ ni wọn yóò gbé agboòrùn rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí àwa bá pè wọ́n, àyè wa là ń béèrè. Fiorenzo kì í béèrè àyè tirẹ̀. Ikọ́ ìyá àgbà kan ló máa ń béèrè.

"Nando, ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́? Màmá Tealdi ńkọ́, ṣé ẹ ń gbúròó wọn? Ikọ́ tí wọ́n ń hú lọ́dún tó kọjá yẹn, ṣé ó ti lọ, àbí ó tún le sí i?"

"Ó ti lọ, ọ̀gá," ni Nando, ẹni tó ni etíkun Ersilia, máa ń dá a lóhùn. "Ara wọn le koko."

"A dúpẹ́ o," ni Fiorenzo á wí, ojú rẹ̀ á sì fà ro bíi tẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyí. Ní etíkun Ersilia, bí ẹ̀bẹ̀ àgbàdo ni wọ́n ṣe to agboòrùn, láti etí omi títí dé ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń fọ iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. Ìlà kejì ni ti àwọn dókítà. Ìlà kẹta ni ti irú àwọn Fiorenzo. Ìlà iwájú kì í ṣe títà. Ẹni tó bá ní in, ọmọ rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Bí kò bá sì bímọ, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá dárúkọ fún Nando ló ń gbà á. Màmá Tealdi, opó lọ́yà kan ní Cuneo, kò bímọ. Agboòrùn tirẹ̀ wà ní ìlà iwájú gan-an, láàárín méjì. Àga kanfáàsì tó wà lábẹ́ agboòrùn yẹn ni Fiorenzo fi ṣe àfojúsùn ayé rẹ̀. Wọ́n ní ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ẹlòmíràn kọ́ ló yẹ kó máa wuni.

Fiorenzo kì í ṣe ènìyàn burúkú. Awakọ̀ ni, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín ìgboro Torino ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò mutí yó, kò lu ìyàwó, kì í jẹ gbèsè. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ó fẹ́ kí wọ́n máa rí òun. Òkun tó ń pariwo pé òun fẹ́ sún mọ́ yìí, omi rẹ̀ kò tíì kọjá orúnkún rẹ̀ rí. Nílé ọtí tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn, bí ẹnìkan bá bi í pé ibo ló máa ń jókòó sí létí òkun, á ní, "Apá iwájú-iwájú níbẹ̀ yẹn," á sì yára mu kọfí rẹ̀ kí wọ́n má baà bi í síwájú.

Ivonne ìyàwó rẹ̀ kò ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni, ó sanra, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo yàrá. Gbogbo ọdún ló fi ń rán ṣòkòtò ọkọ ọlọ́kọ; ọ̀sẹ̀ kan yẹn nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán létí òkun, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi fún wákàtí mẹ́ta kí inú má baà dà rú, òun àti Delfina àti Piera, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á tẹ́ káàdì sórí tábìlì kékeré lábẹ́ agboòrùn ìlà kẹta, wọn á máa ta á, wọn á máa bú ara wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín títí wákàtí mẹ́ta náà á fi pé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ọmọ pọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe é.

Nínú oṣù kejì ọdún tí à ń wí yìí, Fiorenzo gbé fóònù sílẹ̀.

"Nando ní ẹsẹ̀ ìyá náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu," ló wí fún Ivonne nídìí oúnjẹ. "Ó ní Peyrano, dókítà eléyín ìlà kejì yẹn, ti fi òdòdó ránṣẹ́ sí i. Mo gbọ́dọ̀ lọ sí Cuneo."

"Gbogbo ayé ẹ lo fi jókòó níwájú ọkọ̀," ni Ivonne dáhùn, "tí gbogbo Torino jókòó sẹ́yìn ẹ. Ṣé iwájú ò tíì sú ẹ ni?"

"Ìyẹn, iṣẹ́ ni. Eléyìí, ipò ni."

"Ipò. Olówó orí mi, ipò wo ló wà lórí iyanrìn? Ṣebí pátá ni gbogbo wa ń wọ̀ níbẹ̀."

"O ò lè mọ nǹkan tí mò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ò ń dúró kí ìyá oníyàá kú kó o lè gba àga ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: tó o bá lọ síwájú, ìwọ nìkan lò ń lọ. Èmi ò ní torí pé o fẹ́ wo omi kí n fi Delfina sílẹ̀."

Fiorenzo rẹ́rìn-ín, ó bu ọbẹ̀ sí i. Ó ti bá obìnrin yìí gbé látìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, síbẹ̀ ó ṣì rò pé ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni àánú.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, nítorí náà Fiorenzo ra kéèkì ńlá, ó wọ rélùwéè, ó di Cuneo. Màmá Tealdi fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, ọ̀pá lọ́wọ́, ojú rẹ̀ mú ṣáṣá.

"Háà, Fiorenzo. Wọlé. O wá wò ó bóyá mo ti kú."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Kéèkì ni mo gbé wá kí yín."

"Dókítà eléyín fi òdòdó ránṣẹ́. Ojú oórì ni wọ́n ń gbé òdòdó lọ. Tìẹ tiẹ̀ ṣeé jẹ." Ó gé kéèkì, ó bù ú sẹ́nu, ó sì ń wo àlejò rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. "Kí lo wá fẹ́ máa wò níwájú yẹn?"

"Òkun ni, Màmá."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ikọ́ àtijọ́ fi dé, tó ń hú u, tó di ojú tábìlì mú. Kí Ọlọ́run dárí jì í, Fiorenzo nà síwájú lórí àga, ojú rẹ̀ là rekete, kì í sì í ṣe ojú àánú. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó fẹ̀yìn padà jẹ́jẹ́.

"Mo rí ẹ o," ni ìyá náà wí, ó nu ẹnu. "Ṣé o mọ omi í wẹ̀ ni?"

"Mo máa ń tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Ọkọ mi ló yan ibẹ̀ yẹn. Ó ní òun ti rí ojú èèyàn tó nílé ẹjọ́, òun ò fẹ́ rí ti ẹnikẹ́ni mọ́. Níwájú, kò sẹ́ni tó o máa rí, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ sọ̀rọ̀. Omi ni mo wò títí ó fi kú, mo tún wò ó lẹ́yìn tó kú. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, Màmá."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Etí tó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í gba òmíràn sínú.

"Ó dáa," ni Màmá Tealdi wí. "Ẹsẹ̀ mi ò lè rìn lórí iyanrìn mọ́. Gbé fóònù yẹn wá kí n pe Nando pé ìwọ ni mo fún láyè mi, kó o lè jẹ́ kí n sinmi."

Ẹni tó rí Fiorenzo lọ́sẹ̀ yẹn á rò pé wọ́n fi í joyè ni. Ó sọ fún oníbúrẹ́dì, ó sọ fún aṣọ́lẹ̀kùn, ó sọ fún àlùfáà lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí Nando bi í pé báwo ni kí òun ṣe àyè ìlà kẹta, ó ní, "Ẹ fún ẹni tó bá wù yín." Kò bi Ivonne. Ó ra fìlà koríko, ó ra aṣọ ìwẹ̀ funfun gígùn tí àwọn olówó máa ń wọ̀ rìn létí omi, ó sì ń fi àga ilé ìdáná kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ivonne ń wò ó. Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, ó din ẹran, ó po ìrẹsì tútù mọ́ ẹ̀fọ́, ó sì di gbogbo rẹ̀ sínú abọ́.

Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n tò sáàárín iyanrìn Ersilia, láti ẹ̀yìn dé iwájú. Lórí pákó yẹn ni Fiorenzo gbà wọlé lọ́jọ́ Àìkú, nínú aṣọ funfun rẹ̀, tó ń rọra rìn, tó ń kí ọ̀tún kí òsì bí olóṣèlú tó ń wá ìbò. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹta, Ivonne gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ibí lèmi ń dúró sí o."

Delfina ti fi àga kan kún tirẹ̀. Fiorenzo dúró. Àwọn ènìyàn ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ilé, ó sì tẹ̀síwájú.

Báyìí ló ṣe jókòó níwájú. Lápá òsì rẹ̀, bàbá arúgbó kan ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Lápá ọ̀tún, tọkọtaya kan láti Milano ń ka ìwé ìròyìn. Ó kí wọn, wọ́n fi àgbọ̀n dáhùn. Àwọn tó ń wẹ̀ ń jáde wá gbọn omi sí i lára. Àwọn ọmọdé ń gbá iyanrìn sí i lójú. Gbogbo ẹni tó ń rìn kọjá létí omi, ilẹ̀ ló ń wò kó má baà tẹ òkúta. Àwọn tí Fiorenzo sì fẹ́ kí wọ́n rí òun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí wọ́n ń wò ó, kò mọ̀. Bí wọn kò wò ó, kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ ti gan nítorí ó ń yí i wẹ̀yìn ṣáá. Ẹ̀rín Ivonne ń dún láti ìlà kẹta, ó sì ń rò pé òun ni wọ́n ń fi rín.

Lọ́jọ́ kẹta, ó dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó yí i padà, ó kẹ̀yìn sí òkun, ó kọjú sí àwọn ènìyàn. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ nílé. Kò pẹ́ tí Nando fi dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Níwájú níbí, a kì í kẹ̀yìn sókun. Dókítà Peyrano ní ẹ ń wo àwọn lẹ́nu táwọn bá ń jẹun."

"Ẹnu ta ni dókítà eléyín fúnra ẹ̀ ò tíì wò?"

"Òfin ni, ọ̀gá. Tẹ́nìkan bá yí àga, gbogbo ìlà ló máa dàrú." Ó bá a yí àga náà padà. "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá Tealdi pè láàárọ̀. Wọ́n ní kí n bi yín pé báwo lòkun."

Fiorenzo wo omi náà. "Ẹ sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo ayé jẹun tán, tí omi dákẹ́, tí kò sí ohùn kan létíkun bí kò ṣe ti àwọn tó ń ta káàdì, Fiorenzo bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́, ó gba orí pákó dé ìlà kẹta. Aṣọ funfun náà ti di aláwọ̀ iyanrìn. Ibi tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ọmọ-ọmọ Delfina ló ń sùn níbẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ọmọ Delfina ni Nando fún ní àyè náà.

"Ẹ kú ìnàjú o," ló wí.

"Ẹ ṣeun o," ni wọ́n dáhùn, bí wọn ì bá ti dá èrò ọ̀nà lóhùn.

"Ẹ sún díẹ̀ kí n jókòó."

Delfina wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Níbí? Ìlà kẹta nìyí o, bàbá. Ẹ̀yin ará iwájú, a ò fẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí."

Fiorenzo yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ivonne yan káàdì kan nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra fi í lélẹ̀, kò gbójú sókè.

"Kò sáyè, olówó orí mi," ló wí. "Ṣe sùúrù kẹ́nìkan kú ná."

Piera fọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó sún àga. Fiorenzo dúró títí wọ́n fi ta ọwọ́ kan tán, lẹ́yìn náà ó dé fìlà rẹ̀, ó gba orí pákó padà síwájú, ó sì jókòó, ó kọjú sí omi.