Àtẹ̀gùn tí Jẹ́-n-ṣe-é Kò Fọwọ́ Kàn

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Jẹ́-n-ṣe-é ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún ilé ìtura kan, ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré tó sì ń já bàtà gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un. "Jẹ́ n ṣe é!" Ẹsẹ̀ òsì á wọ bàtà ọ̀tún, á sì máa rìn lọ bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ṣì ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ èèyàn, ẹ̀rín náà ti dín kù.

Ibi tó ti kọ́ ọ kò jìnnà. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, yàrá gbọọrọ kan tó kún fún èérún pákó, tí àwọn ayùn wà lára ògiri láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ọmọ iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í lù wọ́n, kì í sì í bú wọn. Ó kàn máa ń dúró sẹ́yìn wọn ni, á máa fi imú mí, tó bá yá á ní, "Gbé e wá," á gba ayùn lọ́wọ́ wọn, á sì parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ á wá di ẹni tó ń gbálẹ̀. Èyí tó fara dà á pẹ́ jù nínú wọn ti di oníbúrẹ́dì báyìí. Káfíńtà kò rí ohun tó burú ńbẹ̀. Ó ní iṣẹ́ òun mọ́, lóòótọ́ ló sì mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Jẹ́-n-ṣe-é nígbà tó wọ ẹgbẹ́ Síkáòtù tó ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìwé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọ̀gá wọn níbẹ̀, ọkùnrin kan tó sanra, tó jẹ́ pé ohùn tó fi ń ní kí èrò sún mọ́ra nínú ọkọ̀ náà ló fi ń darí àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ náà bá ọmọbìnrin yìí lára mu. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀: kókó okùn, iná dídá, àgọ́ pípa, ọgbẹ́ dídì. Kò sí báàjì tó dojú kọ tí kò gbà. Apá aṣọ rẹ̀ kún débi pé ìyá rẹ̀ ní tí wọ́n bá tún fi lè fún un ní ọ̀kan sí i, ìdí ṣòkòtò ni òun máa rán an mọ́.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ìyẹn èyí tó ga jù lọ, tí ọmọ kankan ò tíì gbà rí nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ó fẹ́ ẹ. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti mọ ojú ibi tó máa wà ní àyà aṣọ rẹ̀, ó sì máa ń fọwọ́ pa ibẹ̀ tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó.

Òfin báàjì náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ kan tó máa ṣe ará àdúgbò láǹfààní, kí ó sì darí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré sí i láti ṣe é. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta á wá wò ó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Tó bá ti pé e, ó parí nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ò sí.

Bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ mú. Orí ìdúró ni àwọn aláìsàn máa ń wà nínú àgbàlá ilé ìwòsàn àdúgbò, oòrùn á sì máa pa wọ́n. Ọ̀gá awakọ̀ fún un ní ọmọ mẹ́fà. Wọ́n kan ìṣó, ó wọ́. Wọ́n gé pákó, ó kúrú. Jẹ́-n-ṣe-é kò pariwo lé wọn lórí. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì gbalé lọ jẹun. Tí ẹ̀yìn wọn bá ti wọ̀ báyìí, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á sì tún un kàn. Nígbà tí bẹ́ǹṣì parí, ó tẹ́jú bí ojú tábìlì. Bàbá rẹ̀ wá wò ó, ó fọwọ́ tọ́ ọ lọ, ó fọwọ́ tọ́ ọ bọ̀, ó ní, "Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé." Jẹ́-n-ṣe-é ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ẹni tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ náà ni agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Agbẹ̀bí ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tín-ín-rín ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ni wọ́n bí ìdajì àdúgbò sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè gbéra ga lójú rẹ̀. Ó wo bẹ́ǹṣì náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló yí padà sí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eléjí nítorí àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, èwo lo kàn níbí?"

Eléjí wo bẹ́ǹṣì títí. "Mo kan èyí, mà. Àmọ́ kì í ṣe ìṣó mi ló wà níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló yọ ìṣó rẹ?"

"Mi ò mọ̀, mà. Tá a bá ti dé lọ́jọ́ kejì, ó ti máa ń dáa."

Ọ̀gá awakọ̀ wú ikọ́. Àwọn ọmọ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn. Ìyá Agbẹ̀bí kò tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Bẹ́ǹṣì yìí dáa," ó sọ fún Jẹ́-n-ṣe-é. "Àwọn aláìsàn á jókòó, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ò ní kó o wá kan bẹ́ǹṣì fún wa. A ní kó o darí èèyàn. Tó bá jẹ́ ti káfíńtà ni, à bá ti ránṣẹ́ sí bàbá rẹ."

Báàjì ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Inú bí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá rí pé ta ló fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wọ́. Bàbá rẹ̀ gbè é lẹ́yìn, ó ní àwọn ìgbìmọ̀ yẹn ò mọ bẹ́ǹṣì yàtọ̀ sí àga. Ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ ò gbójú sókè. Ó kàn béèrè pé, "Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n rí kọ́ ńbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ Eléjí ni kò kúrò létí Jẹ́-n-ṣe-é. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ ráhùn. Ńṣe ló sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ojú ṣe ń ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lojú ń ti Jẹ́-n-ṣe-é.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti ń sún mọ́lé nígbà tó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá awakọ̀ pé òun ti rí iṣẹ́ mìíràn. Láti ojú títì sọ̀ kalẹ̀ dé ilé ìwòsàn, amọ̀ pọ́ńbélé ni ọ̀nà náà. Tí òjò bá ti rọ̀, àwọn aboyún àti àwọn arúgbó á máa di ara wọn mú, síbẹ̀ ilẹ̀ á máa yọ̀ wọ́n. Ó fẹ́ kí àwọn ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀: pákó tó nípọn níwájú ìpele kọ̀ọ̀kan, èèkàn méjì tó dì í mú, kí wọ́n wá da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n gún un kí ó le. Ó ní àwọn ọmọ mẹ́fà yẹn náà lòun ń fẹ́.

Eléjí ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwa la máa ṣe é ni, àbí ẹ̀yin?"

"Ẹ̀yin ni."

"Títí dé ìparí?"

"Títí dé ìparí."

Wọn ò gbà á gbọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ó fi bí wọ́n ṣe ń ta okùn láti mọ̀ bóyá pákó tọ́ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tú okùn náà, ó sì kó o lé wọn lọ́wọ́. Tí pákó bá wọ́, kò ní sọ pé ó wọ́. Á béèrè pé, "Kí ni okùn wí?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á ní, "Ó ní ó wọ́, Ẹ̀gbọ́n." Wọ́n á sì tún un tú. Ọwọ́ ń yún un. Ó há ọwọ́ méjèèjì sábíyá títí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá òtútù ń mú un. Iṣẹ́ tí òun nìkan ì bá parí láàárín ọjọ́ méjì wá ń fa ara rẹ̀ nílẹ̀ lọ. Òjò rọ̀, ó gbá òkúta àwọn ìpele ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n tún wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ dé. Ọ̀túnla ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìpele méjì ló kù lókè, wọn ò tíì kan èèkàn wọn, ọ̀sán sì ti pọ́n. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti yọ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká.

"Sún, jẹ́ n bá yín ṣe é," ni Káfíńtà wí. "Kò lè gbà mí ní wákàtí kan."

"Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Wọ́n ń ṣe é lọ."

"Níbo ni wọ́n ń ṣe é lọ? Wo ìpele kẹta yẹn. Ewúrẹ́ ló kàn án ni?"

Eléjí, tó kàn án, tẹrí ba. Káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ki ẹnu òòlù bọ abẹ́ pákó ìpele kẹta láti tú u. Jẹ́-n-ṣe-é kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gun orí pákó náà, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Òòlù dúró. Bàbá rẹ̀ gbójú sókè wò ó. "Èmi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kì í ṣe tiyín. Kì í ṣe tèmi náà."

"Báàjì yẹn á bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ o."

"Mo mọ̀, sà."

Káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló gbà gòkè lọ, kò tẹ orí àtẹ̀gùn náà. Nírọ̀lẹ́, ó jẹun díẹ̀, ó sì dìde. Ọmọ rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ilé, ó sunkún sáàárín àwọn aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá. Ó ti dójú ti bàbá rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, kò sì dá a lójú pé báàjì náà máa tìtorí ìyẹn wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ náà kan èèkàn tó kẹ́yìn nígbà tí ìgbìmọ̀ ti ń bọ̀ lókèèrè. Ìyá Agbẹ̀bí fi ọ̀pá rẹ̀ gún ìpele kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó gún wọn gòkè padà. Ó bi àwọn ọmọ léèrè, oníkálukú sì nawọ́ sí tirẹ̀. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ ò túká.

"Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí," ó sọ fún Jẹ́-n-ṣe-é. "Ṣùgbọ́n o ti tàn wá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ yìí sì fẹ́ràn rẹ, wọ́n lè sọ ohun tó o bá ní kí wọ́n sọ. Ta ló máa jẹ́rìí pé o ò tún wá síbí lẹ́yìn wọn?"

Jẹ́-n-ṣe-é wá ẹlẹ́rìí kiri lọ́kàn. Ọ̀gá awakọ̀ wà nídìí ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ wà nídìí aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ nídìí bẹ́ǹṣì, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni."

Bàbá rẹ̀ ló wà lókè lójú títì, èérún pákó wà nínú irun rẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, ó ń fi ẹsẹ̀ dán ìpele kọ̀ọ̀kan wò.

"Èmi ni bàbá rẹ̀, ẹ lè ní mò ń gbè é lẹ́yìn," ó sọ fún Ìyá Agbẹ̀bí. "Lánàá, mo gbé àpótí iṣẹ́ mi wá síbí kí n bá a parí rẹ̀. Ó lé mi bí ẹni ń lé adìẹ. Lójú gbogbo àwọn ọmọ yìí. Ọmọ bíbí inú mi." Ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn náà. "Ẹni tí kò jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn án, kò lè fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀."

"Iṣẹ́ náà ńkọ́?" ni Ìyá Agbẹ̀bí béèrè. "Ìwọ tó o mọ pákó, ṣé ó dáa?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í purọ́ lórí ọ̀rọ̀ igi.

"Ìpele kẹta wọ́," ó ní. Ó fi gìgísẹ̀ tì í pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. "Àmọ́ kò mira. Ẹni tó kàn án tú u tó ìgbà mélòó?"

"Ìgbà mẹ́rin, sà," ni Eléjí dáhùn.

Káfíńtà mi orí pé ó dáa. Ìyá Agbẹ̀bí wo àwọn méjì tó kù nínú ìgbìmọ̀ lójú, wọ́n sì mi orí tiwọn náà pé àwọn gbà. Ó yọ báàjì náà nínú àpò, ó sì so ó mọ́ Jẹ́-n-ṣe-é láyà, àwọn ọmọ sì pariwo débi pé nọ́ọ̀sì kan yọjú láti ojú fèrèsé pé kí wọ́n rọra.

Nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀. "Ẹ má bínú sí ti àná, sà."

"Dìde." Káfíńtà ò wo báàjì náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. "Ó dùn mí o. Mi ò lè sùn. Ṣé bó ṣe máa ń rí lára àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, tí èèyàn bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Jẹ́-n-ṣe-é dáhùn.

Bàbá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ìpele tó wà níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ gun àtẹ̀gùn náà lọ sílé.