Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Bá Mi Wo Àwòrán Karùn-ún

Ó ti rẹ Bàbá Ìbejì. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn mọ́jú kó lọ, àárẹ̀ ọdún méje ni. Ọdún méje gbáko ló fi ń kọ ìwé kan ṣoṣo, ìwé tó fẹ́ fi gba oyè kejì ní yunifásítì tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bójú tó omi níbẹ̀: pọ́ǹpù, táǹkì, àti gbogbo páìpù tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Láàárọ̀, páìpù. Lọ́sàn-án, kíláàsì, láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Nírọ̀lẹ́, ìwé. Ẹ sọ fún mi, ṣé irin ni wọ́n fi ṣe é ni?

Ọjọ́ Ajé tí mò ń wí yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré. Òfin ilé ìwé náà ni pé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì wọlé tí ọdún keje fi pé, kó máa lọ sílé, kó gbàgbé oyè. Ọjọ́ Ẹtì ni ọdún keje ti Bàbá Ìbejì máa pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni alábòójútó rẹ̀ ti dá ìwé ọ̀hún padà.

Dókítà ni wọ́n ń pe alábòójútó náà, obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju àwọn ìbejì tí bàbá yìí bí lọ. Kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n bírò pupa rẹ̀ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìbejì jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga oníke, ó ká ọwọ́ mọ́ra nítorí girísì tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó ń wo ìwé rẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà.

"Bàbá, iṣẹ́ yín dára," Dókítà ní. "Ohun tí ẹ rí nípa omi ilé ìwé yìí, mi ò tíì kà á níbòmíì. Àmọ́ ẹ gbọ́ nǹkan tí ẹ kọ: 'Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, tí kò bá ní ni yín lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fojú kan àwòrán tó wà nísàlẹ̀ yìí.' Bàbá! Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo kà á. Ìgbà mọ́kànlélógójì lẹ dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé kan!"

"Mà, ọ̀jọ̀gbọ́n làwọn tó máa kà á," Bàbá Ìbejì fèsì jẹ́jẹ́. "Èyí tó ń ti ìta bọ̀ yẹn, ó tó bàbá mi. Mo rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á kàn là á mọ́ èèyàn lójú: 'Wo Àwòrán Kẹta.' Kí n wá máa sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé wò ó? Bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ẹni tí kò tíì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" láti kékeré, ẹ ní kó fojú di àgbà torí pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ.

Dókítà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó jọ pé ó rẹ òun náà. "Bàbá, ẹ ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣí ìwé yín ti ní kí ẹ máa mú òun lọ. Bí ẹ bá ń bẹ̀ ẹ́, ẹ kàn ń dá a dúró lọ́nà ni. Tí 'wò ó' bá wúwo lẹ́nu yín, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwòrán fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. 'Àwòrán Kẹta fi hàn pé omi dín kù.' Ó tán. Tàbí kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín parí, kí ẹ fi nọ́ńbà àwòrán sínú àkámọ́ ní ìparí rẹ̀. Ta lẹ fojú di níbẹ̀?"

Bàbá Ìbejì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

"Ẹ yọ 'nísàlẹ̀ yìí' náà kúrò. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un, àwòrán á ti sún lọ sójú ewé míì, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni kò ní sún. Ẹ sì dárúkọ rẹ̀ kó tó yọjú, kó má bàa ká èèyàn mọ́ lójijì. Àti pé, Bàbá, tí ẹ bá bẹ̀bẹ̀ tán, ẹ tún ń ka gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán fún wọn, títí kan ìdérí táǹkì. Ojú wọn kò fọ́. Ohun kan tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí ni kí ẹ sọ."

Bàbá Ìbejì dúpẹ́, ó kó ìwé rẹ̀, ó padà sí yàrá pọ́ǹpù. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, kò sì lè ṣí ìwé náà. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún kẹtàlá rèé tí páìpù ńlá tó gba abẹ́ ilé ìkàwé kọjá ti bẹ́, tí omi ń ṣòfò sínú ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ló ti kọ sí Ọ̀gá, olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ ilé àti omi. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó" ló fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì fi parí. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ìdí tó fi lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyè nìyẹn. Bí wọn kò bá dá oníṣẹ́ páìpù lóhùn, bóyá wọ́n á dá ọ̀mọ̀wé lóhùn. Ọ̀gá yìí kan náà sì máa wà lára àwọn mẹ́ta tó máa yẹ ìwé náà wò. Bí ẹ̀bẹ̀ kò bá mú un wò ó, báwo ni àìbẹ̀bẹ̀ ṣe máa mú un?

Nígbà tó délé, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni Ìyá Ìbejì. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì yọ abẹ́rẹ́ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í bẹ̀ mí kí ẹ tó ní kí n gbé oúnjẹ wá! Ẹ wò ó, tí mo bá gé aṣọ, mo máa ń kọ nọ́ńbà sí apá, kí n kọ sí ọrùn, kí n lè mọ ibi tí mo máa so ó mọ́. Ṣé mò ń bẹ aṣọ ni? Ẹ kọ nǹkan yín, ẹ jẹ́ ká sinmi."

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ tó yọ, ó gbé ojú sókè bóyá ẹnì kan ń wo òun. Nígbà tó fi máa yọ ogún, ara ti ń mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń ro ó, ojú ń ta á. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló kan àwòrán páìpù abẹ́ ilé ìkàwé. Ẹ̀bẹ̀ ibẹ̀ gùn ju gbogbo yòókù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ojú ewé. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: Àwòrán Karùn-ún fi hàn pé ìdajì omi ilé ìwé yìí ń ṣòfò lábẹ́ ilé ìkàwé. Ó fi àmì ìparí sí i, ó sì kọjá sí àwòrán tó kàn.

Ìwé wọlé ní aago mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè é kó wá gbèjà ìwé náà níwájú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mẹ́ta náà ló lè sọ pé ó yege, àwọn náà ló sì lè sọ ọdún méje di òfo. Dókítà jókòó lápá kan, Ọ̀gá lápá kejì, ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò sì wà láàárín, arúgbó tó fi awò ojú sí ṣóńṣó imú. Bàbá Ìbejì dúró nínú bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Arúgbó náà kò kí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ń ṣí ìwé lọ, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó yá, ó kà á sókè: "Àwòrán Karùn-ún fi hàn pé ìdajì omi ilé ìwé yìí…" Ó dánu dúró. Mo gbé, Bàbá Ìbejì sọ nínú ọkàn rẹ̀, mo ti rí bàbá oníbàbá fín.

Arúgbó fi ìka kan itọ́, ó ṣí ewé kan. Ó tẹ orí ba sórí àwòrán náà. Ó gbé ìka lé páìpù látorí táǹkì, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé abẹ́ ilé ìkàwé, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀gá náà na ọrùn, ó ń wò ó.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí títí dòní?" arúgbó béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún kẹtàlá rèé, sà."

Arúgbó yíjú sí Ọ̀gá. "Ṣé ẹ mọ̀ sí i?"

Ọ̀gá ní rárá o, ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa rí i nìyí. Bàbá Ìbejì kò dárúkọ lẹ́tà kankan. Àárẹ̀ kò jẹ́ kó bínú.

Wọ́n ní kó bọ́ síta. Ìgbà tí wọ́n pè é wọlé padà, Dókítà ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ó ti yege, kò sí nǹkan kan tó máa tún ṣe. Ó kí wọn, ó jáde, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ilé.

"Ṣé ẹ yege?" Ìyá Ìbejì béèrè.

"Wọ́n wò ó."

"Mo ní ṣé ẹ yege?"

"Mo yege. Ìyá Ìbejì, wọ́n wò ó. Mi ò bẹ̀ wọ́n o. Wọ́n kàn ṣí i, wọ́n sì wò ó."