Ọ̀nà Èsìẹ́, Ọ̀nà Tòróńtò

Sàfúrátù Àyìnkẹ́, ọmọ Olómù Apẹran, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, adúmáadán: ó ti lọ. Bààlúù kan kọjá lórí ilé wa láàárọ̀ yìí, ariwo rẹ̀ ló mú mi pe orúkọ rẹ̀ sókè, bí ẹni pé yóò jẹ́ mi.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ìyá tèmi àti tirẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, a ó fẹsẹ̀ rìn láti Òmù-Àrán lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí wọn ní Èsìẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, a kò mọ kìlómítà nígbà náà. Ìyá mi á yọ iṣu sísun nínú eérú, á fi ewé wé e, á gbé e lé Àyìnkẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá dé, Ìyá Èsìẹ́ á kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣu ná kí ó tó dáhùn ìkíni wa. Bó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á rẹ́rìn-ín. Bó bá ti tutù, ọ̀rọ̀ dé.

"Ẹ ti yà ṣeré!"

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá."

"Àyìnkẹ́, ṣé afẹ́fẹ́ ló kun máńgòrò sí ọ lẹ́rẹ̀kẹ́?"

Síbẹ̀, á gbé iṣu náà padà sórí ẹyin iná, á ní, "Ẹni tó dé náà ló dé."

Ìdájí Àlàmísì ni Àyìnkẹ́ dákẹ́. Rísìkátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wọ bààlúù ní Tòróńtò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú láti wá wo ìyá rẹ̀. Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, ṣùgbọ́n Múfútáù ọmọ ọmọ mi tẹ fóònù rẹ̀ wò.

"Ìyá àgbà, láti pápá bààlúù Tòróńtò sí ti Ìlọrin, wákàtí mọ́kànlá péré ni!"

Mo bẹ Àáfà Sàká pé kí a dúró de Rísìkátù kí a tó sin ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá. A ó dúró di ìrun Alásárì."

Lọ́sàn-án, Rísì pè. Ìlú òyìnbó mìíràn ló wà, ó ń retí bààlúù kejì. Èkó ni yóò balẹ̀ sí, ó sì di ọ̀la kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Múfútáù dorí kodò. "Wákàtí tí yóò gbà bí ẹyẹ bá fò tààrà ni fóònù kọ, Ìyá. Kò sí bààlúù tó ń lọ tààrà bẹ́ẹ̀."

Rísì ń sunkún. "Ṣé ẹ ó dúró dè mí kí n rí ojú ìyá mi?"

Mo wo Àáfà. Ó mi orí, ó wolẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó dé náà ló dé. Iná ò ní kú nínú ilé yìí títí o ó fi dé."

Lóde òní, ọ̀kadà á gbé yín dé Èsìẹ́ kí iṣu tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà tí iṣu á ti tutù lọ́wọ́ ọmọ, tí ọmọ ọ̀hún kò sì yà ṣeré níbì kankan.

A sin Àyìnkẹ́ lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásárì.