Ọkọ̀ Inú Gáréèjì

Afárá kan wà ní Peckham tí kò sí omi kankan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀, àwọn abiyamọ ń ti ọmọ lọ ti ọmọ bọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí afárá ń wá lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Èmi náà kò béèrè. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gba ibẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sí Lewisham, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Èmi ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ nìyẹn o, tí wọ́n bí sétí ọ̀sà! Ó yẹ kí n dá ibi tí omi ti kọjá rí mọ̀.

Bàbá Ìsàlẹ̀ ló là mí lójú. Òyìnbó ni wọ́n, ọmọ Peckham gidi, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Abẹ́ fúláàtì mi ni tiwọn wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn láàárín orúnkún méjèèjì, bí mo bá sì ń kọjá wọ́n á ní, "Love, o ò ní í jókòó ni?" Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń pè ní love, títí kan ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà.

Lọ́jọ́ tí mo jókòó, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní omi ni ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Kánáàlì ni, odò tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́, ó ti ọ̀dọ̀ àwọn dóòkì Rotherhithe, ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, wá títí dé ibi tí láíbìrì wà báyìí. Pákó ni àwọn ọkọ̀ ẹrù ń kó gba ibẹ̀ wọlé, bàbá tó bí wọn sì wà lára àwọn tó ń tu àwọn ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n á dùbúlẹ̀ gbalaja sórí pákó tútù tó ń rùn oje igi, wọ́n á máa wo abẹ́ afárá bó ṣe ń kọjá lókè orí wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe lórí odò Thames, kí iṣẹ́ náà tó kú, kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ sínú kánáàlì.

"Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe kún un," ni wọ́n wí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé inú èèyàn lè bàjẹ́ nítorí omi tí kò rí rí, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi àjẹ̀ wà, èyí tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Inú gáréèjì tó wà lẹ́yìn ilé wa ló wà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti fojú kan omi kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ káńsù: wọ́n fẹ́ wó àwọn gáréèjì náà, ohunkóhun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ lópin oṣù, wọn yóò kó o dànù. Bàbá ka lẹ́tà náà fún mi, wọ́n ká a, wọ́n fi í sábẹ́ ife tíì.

"Kí wọ́n gbé e," ni wọ́n wí. "Ohun kan ló dùn mí. Mo fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ lórí omi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Mo ní, "Ẹ ó jókòó sínú rẹ̀." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Èmi tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ níwájú mi pé nǹkan ò ṣeé ṣe, ara mi á máa gbóná. Ọmọ mi obìnrin tí mo bí sí ìlú yìí di orí mú. Ó ní, "Mummy, be serious. Ẹ ò lè swim. Ẹ ò wọ boat láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, not even once." Mo ní kó máa wò mí.

A ṣílẹ̀kùn gáréèjì. Àwọn pákó ọkọ̀ náà tín-ín-rín, ọ̀kan gun èkejì lórí bí páànù orí ilé, wọ́n sì ti gbẹ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn wọlé. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èyí náà ni wọ́n ń torí rẹ̀ banú jẹ́? Ojú mi ni bàbá mi ṣe ń dí ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á lọ́ òwú bí okùn, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù kì í bọ àárín pákó títí kò fi ní í gbà mọ́, wọ́n á wá fi ọ̀dà gbígbóná kùn ún. Ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò lọ síbi iṣẹ́ ni mo fi ṣe é. Mo kì í, mo kì í, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Bàbá jókòó sórí àga lẹ́nu gáréèjì, wọ́n ń wò mí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní, "Love, rọra. Má kì í le tó bẹ́ẹ̀. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Mo dáhùn láìgbójú sókè. "Bàbá, ọmọ apẹja ni mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Wọ́n mu tíì wọn.

Pásítọ̀ kan ládùúgbò wa, tó ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, ló yá wa ní mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún bá wa wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú omi. Ó gbàdúrà lé ọkọ̀ náà lórí, èmi Mùsùlùmí ni mo ṣe àmín tó dún jù. Ní dóòkì àtijọ́ kan ní Rotherhithe, ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ gbà pé ká so ó mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ká fi mọ̀ bóyá yóò jò. Ọkọ̀ náà léfòó. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Mo jó níbẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, Bàbá sì ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ fún mi.

Nígbà tí a padà dé lọ́jọ́ kejì, okùn la rí. Okùn lọ sísàlẹ̀, imú ọkọ̀ nìkan ló yọ lójú omi. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, pákó mẹ́ta ti já kúrò lára ìṣó wọn, ọ̀kan ti là gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òwú mi kò mà kúrò níbi tí mo kì í sí o. Ó wà níbẹ̀ gbọnin. Igi tó ti gbẹ láti ọgbọ̀n ọdún mu omi, ó wú, kò rí àyè tí yóò wú sí nítorí òwú mi, ló bá ti ara rẹ̀ já.

Bàbá kò sọ pé àwọn ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá kí i kú ọ̀fọ̀. Wọ́n ní, "Ó parí nìyẹn, love. O ṣeun, o gbìyànjú." Ojú tì mí débi pé mi ò lè bá wọn wọ mọ́tò pásítọ̀ tó fẹ́ fa ọkọ̀ náà padà sílé. Mo ní mo fẹ́ lọ ra nǹkan, mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Òkè bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí mo rántí. Bí bàbá mi bá ra ọkọ̀ tuntun, tàbí tí ọkọ̀ kan bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kó òkúta sínú rẹ̀, wọ́n á rì í sétí ọ̀sà fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fi òwú dí i. Mo bi wọ́n léèrè nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ pé kí ló dé tí wọ́n fi ń rì í. Wọ́n ní, "Kí olè má baà rí i ni." Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, mo gbà á gbọ́, mo sì gbà á gbọ́ fún ogójì ọdún ó lé. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi mí ṣe! Àṣé kí igi lè kọ́kọ́ mu omi, kó wú, kó tó gba òwú ni. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún kúrò díẹ̀. Bàbá mi ti kú, mi ò sì sí nílé nígbà tí wọ́n sin wọ́n. Mi ò lè pè wọ́n lórí fóònù kí n bá wọn jà.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò ní í rí i. Àgbà méjì ni mo sì ní, mi ò gbọ́ ti ẹnì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lu ilẹ̀kùn Bàbá Ìsàlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù parí." Wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Mo ní mi ò ní í fi í sílẹ̀. Mo tẹ̀síwájú, mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni ọ̀gá. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe." Wọ́n nawọ́ mú ọ̀pá wọn.

A yọ gbogbo òwú náà. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìṣó idẹ so pákó: èmi wà lábẹ́ ọkọ̀, mò ń kan ìṣó bọlé, Bàbá ń fi irin gbá a mú láti inú. A rọ́pò pákó tó là. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n da omi sínú rẹ̀, níbi tó wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú ilé.

Mo so rọ́bà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi, mo jù ú gba ojú fèrèsé sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń da omi sí i ló ń dà jáde, bí ajere. Àwọn ará ilé wa ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé mò ń bomi rin pákó. Ọkùnrin káńsù kan wá, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé oṣù ti parí ni. Ó ní rárá. Mo ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ kẹta, omi dúró dé ìdajì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń kán tó, tó. Lọ́jọ́ keje, Bàbá tẹ̀ sórí ọ̀pá wọn, wọ́n fi etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ó ti dákẹ́," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ tí oṣù parí gan-an la da omi inú rẹ̀ nù, tí a sì gbé e padà lọ sí dóòkì. Orúnkún Bàbá kò lè gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn dóòkì, nítorí náà orí ilẹ̀ la ti gbé wọn jókòó sínú ọkọ̀, a wá rọra ti kẹ̀kẹ́ náà bọ omi títí ọkọ̀ fi gbéra fúnra rẹ̀. Ọmọ mi ti yá aṣọ ìléfòó méjì lọ́dọ̀ ọkùnrin dóòkì. Ó wọ ọ̀kan fún mi bí ẹni ń wọ aṣọ fún ọmọ, ó ní, "Mummy, ẹ má argue today, abeg." Mi ò jiyàn. Kí n tó wọlé, mo bu omi sórí imú ọkọ̀, bí bàbá mi ti máa ń ṣe.

Ní Ẹ̀pẹ́, iwájú lèèyàn ń kọjú sí bó bá ń wakọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, ẹ̀yìn lèèyàn ń kọ sí ibi tó ń lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní í purọ́. Bàbá ló jókòó tó kọjú sí mi, àwọn ló ń rí ọ̀nà. Wọ́n ń fi ìka darí mi, sọ́tùn-ún, sósì, títí wọ́n fi ní kí n yí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ògiri òkúta kan la dé, ewédò ti hù sí i lára. Ibẹ̀ ni ẹnu kánáàlì wà kí wọ́n tó dí i. Wọ́n na ọwọ́ jáde, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta náà, wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ibí la ti ń yà wọlé," ni wọ́n wí. "Ilé nìyí." Wọ́n fi ọwọ́ kejì kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi hàn mí. Ó gbẹ.

Mo fi àjẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Tìẹ ńkọ́, love? Apá ibo ni?"

Mo fi orí tọ́ka sí ẹ̀yìn mi, sí apá ibi tí dóòkì ti ń lọ bá Thames, tí Thames ti ń lọ bá òkun. Mo ní, "Ó jìnnà, Bàbá."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri. "Máa wà á lọ nígbà náà," ni wọ́n wí. "Màá máa bá ẹ wo iwájú."

Mo gbá àjẹ̀ méjèèjì mú.